Ìgò Mẹ́fà Lójú Fèrèsé Láàbù

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó débi tí màá máa fi orúkọ ọmọ pe ọmọ-ọmọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì láàbù ilé ẹ̀kọ́ wa ní Mowe, ìgò kan wà lọ́wọ́ mi, àlejò pàtàkì dúró níwájú mi, ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi, gbogbo ilé náà sì ń ta sánsán bí ibi tí wọ́n ti ń yan kéèkì ìgbéyàwó. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà á rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Kò kúkú jìnnà sí àdúrà. Ẹ jẹ́ kí n tú u láti ìdí, torí ẹ̀bi ọ̀hún, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á.

Nígbà náà, mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́. Olùtọ́jú láàbù ni wọ́n gbà mí sí. Mo ti jáde ní polí, mo ti sin ilẹ̀ baba mi, mo sì gbà pé kò sí ohun tó lè wà nínú ìgò tí mi ò mọ̀. Obìnrin tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́ lọ́wọ́ mi, pé kí láàbù náà yege nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò bá dé. Bí láàbù ò bá yege, àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn ò ní lè ṣe ìdánwò kẹ́mísírì aláfọwọ́ṣe lọ́dọ̀ wa. Ilé ẹ̀kọ́ ẹlòmíì ní Ibafo ni wọn yóò ti lọ ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti ọdún tó ṣáájú ti ṣe. Ìtàn àwọn yẹn ò ṣe é gbọ́. Tírélà kan ṣubú dí ọ̀nà lọ́jọ́ ìdánwò wọn, ìgbà tí wọ́n fi máa dé Ibafo, àwọn onílé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibi ìdúró ò sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí iṣẹ́ náà ṣe parí. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà nílé títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Ọmọ mẹ́rìnlélógún ló wà ní kíláàsì yẹn lọ́dún tèmi, mo sì fẹ́ràn wọn. Mo ti fẹnu ara mi ṣèlérí fún wọn pé orí àga tiwọn ni wọn yóò jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Ìfẹ́olúwa, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, bi mí léèmejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú ju bí ilẹ̀ ṣe máa mọ́ lọ. Èmi náà mọ ẹnu fọ́n nígbà yẹn.

Àwọn olùyẹ̀wò ti fi àkójọ ohun tí wọ́n fẹ́ bá nínú láàbù ránṣẹ́. A yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ ló pé àfi ẹyọ kan, bẹnsaldihaidi. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Omi kan ni tó mọ́ gaara, òmíràn máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Òórùn rẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀, ó dùn bí kóró inú èso fúrúùtù tí àwọn ọmọdé máa ń fi òkúta fọ́ jẹ lábẹ́ igi. Wọ́n ń fi díẹ̀ sínú ọṣẹ àti lọ́fíńdà kí wọ́n lè ta sánsán, wọ́n ń fi ṣe aró, àwọn tó ń sin oyin pàápàá a máa fi òórùn rẹ̀ lé kòkòrò oyin kúrò lórí afárá kí wọ́n tó kórè. Tí ẹ bá kán an sínú omi, á rì sí ìsàlẹ̀, kò ní bá omi ṣọ̀rẹ́. Ó ń gbiná, ó ń ta ojú, kì í sì í ṣe ohun mímu bó ti wù kí òórùn rẹ̀ dùn tó. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni mi ò kà débẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Bùsáyọ̀, tí a jọ lọ sí polí, ń tọ́jú láàbù ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ifo. Mo pè é, ó ní àwọn ní ìgò méjì, òun yóò bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún wa ní ọ̀kan. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gba Ifo lọ. Ó gbé ìgò kékeré kan fún mi, dúdú, tó kún dé ọrùn, ìdérí rẹ̀ le dan-in. Ó dì í sínú ìwé ìròyìn, ó tún fi ọ̀rá wé e.

Ó ní, "Má ṣí i o, àfi tó o bá fẹ́ lò ó. Bó ṣe kún yẹn gan-an ni kó o gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó tutù, kó o gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Bùsáyọ̀ mọ̀ mí dáadáa, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ṣé ọmọ kékeré ni mí ni.

Mo ra búrẹ́dì àti àkàrà sínú báàgì kan náà, mo wọkọ̀. Nígbà tí mo dé Oke-Aro, tí mò ń dúró de ọkọ̀ mìíràn, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ní kí n kàn gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo tú ọ̀rá, mo tú ìwé, mo ṣí ìgò, mo fa òórùn náà símú, orí mi wú. Ibi tí mo ti ń gbádùn ara mi ni ọkọ̀ ti dé, mo yára dé e pa, mo sáré. Mi ò mọ̀ pé ìdérí náà ò wọlé dáadáa. Kí a tó dé Ibafo, gbogbo ọkọ̀ ti ń ta sánsán. Ìyá kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo báàgì mi, ó wo ojú mi, ó fara balẹ̀ béèrè bóyá kéèkì náà wà fún títà. Mo ní kì í ṣe kéèkì, nǹkan ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó ní kò burú, ṣé ilé ẹ̀kọ́ náà ò lè yọ díẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ ni. Awakọ̀ náà dá sí i láti iwájú pé ahun ò dáa lára ọmọ èèyàn. Bí mo ṣe sọ kalẹ̀ ní Mowe nìyẹn, tí ọkọ̀ odidi kan gbà pé mo láhun. Búrẹ́dì àti àkàrà mi náà ti mu òórùn yó, mo kó wọn dà nù, mo fi ebi sùn.

Ó yẹ kí n ti gbọ́n lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọgbọ́n ò tíì yá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé ìgò náà lọ han Mọ́mì. Ó fi ìka méjì gbé e sókè bí ẹni gbé òkú aláǹgbá. Ó ní, "Àǹtí, ṣé èyí náà nìyẹn? Àlejò ń bọ̀ láti ibi tó jìn, ẹ fẹ́ gbé nǹkan báyìí síwájú wọn?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá, ó yé yín. Lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í bá òfìfo nílé. Ìyá mi lè ní ẹran mẹ́ta péré nínú ìkòkò, tí àlejò bá dé, á gé e, á tẹ́ ẹ lórí ìrẹsì títí abọ́ á fi dà bíi pé màlúù ló kú nílé wa. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi nìyẹn. Mi ò nílò kí Mọ́mì tún ọ̀rọ̀ sọ. Mo lọ wá ìgò funfun ńláńlá mẹ́fà tó lẹ́nu gbàǹgbà, mo fọ̀ wọ́n, mo nù wọ́n, mo ní mò ń bọ̀ wá pín ohun tó wà nínú ìgò kékeré yẹn sínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Díẹ̀ ni yóò wà nísàlẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgò mẹ́fà ló máa rí.

Mi ò rí àrọ tí màá fi dà á. Kọ́ọ̀bù fóòmù kan wà lórí dẹ́sìkì, èyí tí mo fi mu tíì láàárọ̀. Mo ní ọgbọ́n ni. Mo da díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù náà, mo gbé e sókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bíi ṣúgà nínú omi gbígbóná. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, kọ́ọ̀bù ò ní ìdí mọ́. Síkẹ́ẹ̀tì mi ló gba gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo fò sókè, mo sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo bomi sí i títí, aṣọ náà ò sì yé ta sánsán. Ọmọ Ọlọ́run mìíràn á ti dúró, á bi ara rẹ̀ pé irú nǹkan wo lèyí tó ń jẹ kọ́ọ̀bù. Èmi padà wọlé, mo fọwọ́ ara mi rọ ìyókù láìlo kọ́ọ̀bù, mo sì ń yin ara mi pé mo láyà.

Ìdérí ìgò méjì péré ló wà. Mo fi òwú dí àwọn mẹ́rin tó kù lẹ́nu. Mo kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú bírò pupa, mo fà á nílà. Lẹ́yìn náà, mo tò wọ́n sójú fèrèsé, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti máa ń wọlé, kí wọ́n lè máa dán. Mo ju ìgò dúdú náà sínú garawa ìdọ̀tí. Nígbà tí Mọ́mì wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní láàbù nìyí. Inú mi dùn débi pé lọ́jọ́ Àìkú, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo jẹ́rìí pé láàbù wa ti yege. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn olùyẹ̀wò ò sì tíì dé.

Ní ọjọ́ Ajé ni mo ṣílẹ̀kùn láàbù, tí mo rí ohun tó fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Nǹkan funfun ti bo ìsàlẹ̀ àwọn ìgò náà. Ó rí bí iyọ̀, ó ń dán, àwọn mìíràn nínú rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ kéékèèké. Ó ti gun ẹ̀gbẹ́ ìgò dé ọrùn, ó tilẹ̀ ti mú òwú tí mo fi dí wọn le. Omi tó kù níbẹ̀ ò tó ohun tí èèyàn lè fi ìka gbọ́n. Àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn ló lo láàbù náà kẹ́yìn, wọ́n wá kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Kíá ni mo ti dájọ́. Mo ní wọ́n ti bu iyọ̀ sí i.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni mi ò fẹ́ràn láti máa sọ. Mo kó àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún jáde sínú oòrùn, mo ní kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Mo ní ẹni tó fi iyọ̀ ba iṣẹ́ mi jẹ́ kó jáde. Kò sẹ́ni tó jáde. Ìfẹ́olúwa ní, "Àǹtí, a ò tiẹ̀ débi fèrèsé yẹn." Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́, pé òun gan-an ni mo fura sí jù torí ó mọ àlàyé ṣe. Wọ́n wà lórí eékún títí agogo fi lù. Ọmọ náà ń sunkún, kò sì nu omijé ẹ̀ torí mo ní kò gbọdọ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Inú mi ṣì máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé láàbù kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo ti ro ó pé ohun tó bá dì, iná ló ń yọ́ ọ, bíi òrí. Mo gbé kẹ́tùlù sórí iná mànàmáná, mo da omi gbígbóná sínú abọ́ fífẹ̀, mo kó ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó sínú rẹ̀. Nǹkan funfun náà ò yọ́. Òórùn ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù ló jáde. Ó jáde lójú fèrèsé, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn yẹn tú síta, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà mi, olúkúlùkù pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tiẹ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ wọn ò mọ ohun tó máa ṣe, ó tò sẹ́yìn wọn. Mọ́mì náà dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé mo ti ronú kan ìpanu fún àwọn olùyẹ̀wò. Mi ò lè sọ òótọ́ fún un, mi ò sì lè purọ́. Mo kàn ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ó lọ tán ni Bàbá Múfú wọlé. Bàbá Múfú ni ọlọ́dẹ wa, àgbàlagbà ọmọ onílẹ̀, ẹni tó ti ń gbé àdúgbò náà kí Mowe tó di ìlú ńlá. Ìgò dúdú tí mo jù nù ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, òórùn yìí náà ló wà nínú ìgò tí mo ṣà nínú garawa yín lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo fẹ́ fi rọ àgbo. Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ẹ̀, mo ní kí n bi yín kí n tó fọ̀ ọ́."

Mo gba ìgò náà, mo mì í. Omi ni. Ó mọ́ gaara bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Bùsáyọ̀ gbé e fún mi. Mo bi Bàbá Múfú ohun tó ṣe sí i. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan, òun kàn dé e pinpin, òun gbé e sábẹ́ ibùsùn. Ó ní ṣebí ìdí rèé tí àwọn fi ń wá ìgò dúdú fún àgbo, pé ohun tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá ti rí, ó di dandan kó yí padà. Ló bá yíjú sí àwọn ìgò mi tó wà nínú omi gbígbóná, ó wò wọ́n, ó rọra gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àgbàlagbà ni.

Ìgbà náà ni mo tó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò dúdú náà, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí a dé e pa, kí a má fi í síbi ìmọ́lẹ̀, kí a má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan án, torí afẹ́fẹ́ a máa sọ ọ́ di bẹnsóìkì ásíìdì. Ìyẹn sì máa ń funfun, ó máa ń dì. Kò sẹ́ni tó bu iyọ̀ sí nǹkan kan. Èmi ni mo gbé díẹ̀ sínú ìgò fífẹ̀, tí mo fi àyè gba afẹ́fẹ́ tìlùtìfọn, tí mo tún fi oòrùn kún un. Mo ní kí n sáré lọ bá àwọn ọmọ náà, ni mo bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́nu géètì.

Àwọn olùyẹ̀wò méjì ló wá. Ọkùnrin tó wà lára wọn gba ibi àwọn ìwé lọ. Èyí tó wọ láàbù ni Àlhájà kan, obìnrin kúkúrú tó fi okùn so awò ojú mọ́rùn, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó wo tábìlì, ó wo ẹ̀rọ omi, ó wo yanrìn tí a gbé kalẹ̀ nítorí iná, ó ń fàmì sí ìwé rẹ̀. Mọ́mì tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ ń dùn. Àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn wà lórí àga wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n wà. Àlhájà dúró níwájú àwọn ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo ti sáré tò padà sójú fèrèsé, ó ka orúkọ tó wà lára wọn, ó mú ọ̀kan, ó sì dojú ẹ̀ dé. Kò sí ohun tó dà sílẹ̀.

Kí n tó lanu, Mọ́mì ti dáhùn. Ó ní, "Oníyẹ̀fun nìyẹn, Àlhájà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Tiwa ò lè lọ tó ìṣẹ́jú kan. Àlhájà ò wo Mọ́mì, èmi ló wò. Mo mọ̀ pé tí mo bá gbè é lẹ́sẹ̀, bóyá a ó rí i gbé gba ẹ̀yìn. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì lè lọ sí Ibafo. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Ìfẹ́olúwa. Ojú ẹ̀ ṣì wú. Ni mo bá gba ìgò náà lọ́wọ́ Àlhájà, mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Àlhájà, ẹ dákun, kì í ṣe oníyẹ̀fun. Èmi ni mo bà á jẹ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìgò dúdú, ìgò funfun, òwú, oòrùn. Nígbà tí mo débi àwọn ọmọ, mo yí eékún mi padà sọ́dọ̀ wọn. Mo ní, "Mo fi ẹ̀sùn kàn yín, mo sì fìyà jẹ yín lórí ohun tẹ́ ẹ ò ṣe. Ẹ má bínú sí mi. Ìfẹ́olúwa, má bínú." Ẹkún gbọ̀n mí. Àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé lórí ìkúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, àwọn ọmọ náà ò mọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí.

Àlhájà béèrè ọ̀nà tí òun máa gbà mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ, pé kì í ṣe iyọ̀ ni mo kó sínú ìgò kí n tó wá pìtàn fún òun.

Ìfẹ́olúwa ló dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká fi báíkábónéètì dán an wò. Tó bá jẹ́ iyọ̀, kò ní hó. Tó bá jẹ́ ásíìdì, á hó."

Àlhájà ní kó wá ṣe é. Ọmọ náà fi báíkábónéètì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú túùbù, ó fi ṣíbí kékeré ha díẹ̀ nínú nǹkan funfun náà sí i, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, àwọn ìhó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n pọ̀, wọ́n gba ojú omi. Gbogbo kíláàsì dìde láti wò ó. Àlhájà bi wọ́n ní ìbéèrè, ibi tó ti bi wọ́n ni wọ́n ti dá a lóhùn, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì á parí ẹ̀. Wọ́n sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe yí i padà, wọ́n sọ bó ṣe yẹ ká tọ́jú rẹ̀. Èmi ṣì wà lórí eékún. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó rántí ní kí n dìde.

Àlhájà kọ̀wé títí. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Mi ò lè kọ ọ́ pé ẹ ní bẹnsaldihaidi. Ohun tí mo bá níbí ni ìgò mẹ́fà bẹnsóìkì ásíìdì. A ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín, àmọ́ mo rí i pé ẹ ní in lọ́pọ̀lọpọ̀." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn nǹkan yòókù tẹ́ òun lọ́rùn, pé òun fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti wá ẹyọ tó kù, ká sì tọ́jú ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó kọjú sí Mọ́mì, ó ní láàbù tó kún pọ̀ níta, àwọn ọmọ tó lè sọ ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́ ni kò pọ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní kí n lọ bọ́jú.

Mo padà sí Ifo. Bùsáyọ̀ fi mí ṣẹ̀sín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, kó tó bá mi bẹ ọ̀gá rẹ̀ fún ìgò kejì. Mi ò ṣí i lójú ọ̀nà. Mo fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Nígbà tí Àlhájà padà wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fàmì sí i, kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Iṣẹ́ ò sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mọ́mì bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé òun kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun láti máa sọ òótọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju òwe kan lọ, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tó kéré, inú ohun kékeré ni kó o fi í sí, kó o dé e dáadáa, á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà tó o bá fẹ́ kó pọ̀ lójú èèyàn ló máa yí padà mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìkejì, kó o tó fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ, kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún jókòó sórí àga tiwọn. Èmi wà lẹ́yìn fèrèsé, torí wọn ò gbà kí n wọlé. Mo rí i bí Ìfẹ́olúwa ṣe ń kán omi sínú ìgò níwọ̀nba níwọ̀nba, tí àwọ̀ yí padà, tó sì dá ọwọ́ dúró síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Olùkọ́ kan tó ń kọjá lọ béèrè bóyá ásíìdì ló ta sí mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹnsóìkì ni, mo sì rẹ́rìn-ín títí alábòójútó ìdánwò fi yọjú, tó ní kí n gbé wèrè mi kúrò lójú fèrèsé òun.